Odò Kì Í Kún Bo Ẹja Lójú: Ìtàn Apẹja Láti Odò Ọ̀tìn Dé Etí Òkun

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní odò kì í kún bo ẹja lójú. Òótọ́ ni fún ẹja, nítorí inú omi ni a bí i sí. Ṣùgbọ́n odò lè kún bo apẹja lójú. Ènìyàn lè mọ ibú kan láti kékeré, kó mọ abẹ́ àpáta tí àrọ̀ ń sá pamọ́ sí, kó mọ etí omi tí ẹ̀pìyà ń gbẹ́ ihò ìyéyin sí. Bí omi náà bá yí padà lọ́jọ́ kan, gbogbo ohun tó mọ̀ lè di ìmọ̀ àná. Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì. Ìtàn ẹja pípa ní agbègbè Ìkirun, Inísà àti Òkukù jẹ́ ìtàn irú àyípadà bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí a sọ ọ́ nísinsìnyí, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n tó kọjá lọ tán.

Bí ènìyàn bá gbéra láti Òṣogbo tó kọrí sí Ọ̀fà, yóò gba Ìkirun, ìlú Akìrun, kọjá, yóò dé Inísà tí Olúnisà ń jọba lé lórí, yóò sì kan Òkukù, ìlú Olókukù, kó tó wọ ilẹ̀ Kwara. Ojú irin tó dé Òṣogbo ní ọdún 1907, tó sì nà dé Jẹ́bà ní ọdún 1909, gba ọ̀nà kan náà. Ohun tó so àwọn ìlú wọ̀nyí pọ̀ ti wà ṣáájú ojú irin àti ọ̀dà títì. Odò Ọ̀tìn ni. Orúkọ rẹ̀ ni ìjọba ìbílẹ̀ tí Òkukù jẹ́ olú ìlú rẹ̀ ń jẹ́ títí di òní, ìyẹn Odò-Ọ̀tìn. Omi Ọ̀tìn ń ṣàn lọ bá Erinlẹ̀, Erinlẹ̀ ń ṣàn lọ bá Ọ̀ṣun, Ọ̀ṣun sì ń gbé gbogbo wọn lọ sí ọ̀sà ní apá Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n tó dé òkun. Apẹja tó dúró létí Ọ̀tìn ní Inísà àti èyí tó dúró létí òkun ní Èkó, ìdílé omi kan náà ni wọ́n ń bá ṣòwò, bí wọn kò tilẹ̀ mọ ara wọn.

Odò tó jẹ́ òrìṣà, odò tó jẹ́ odi

Nínú ìtàn ilẹ̀ wa, Ọ̀tìn kọjá omi lásán. Ìtàn tí wọ́n ń pa ní Inísà ni pé obìnrin jagunjagun ni, pé láti Ọ̀tan ló ti wá láti gbèjà ìlú náà lọ́wọ́ ọ̀tá, kó tó di odò. Àwọn mìíràn ń pè é ní aya Erinlẹ̀, èyí tó bá bí omi méjèèjì ṣe pàdé mu. Ọdún Ọ̀tìn jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ọdún tí Òkukù ń ṣe.

Nígbà ogun, odò yìí jẹ́ odi pẹ̀lú. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, ọmọ ogun Ìbàdàn, tí Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n ṣáájú wọn, pàdé àpapọ̀ ogun Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ní Ìkirun. Ìbàdàn ló borí. Nígbà tí àwọn ará Ìlọrin ń sá padà lọ sílé, Ọ̀tìn ni wọ́n bá níwájú, ọ̀pọ̀ wọn sì bá omi lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ogun náà ní Jálumi. Àwọn tó kú sínú Ọ̀tìn lọ́jọ́ náà kì í ṣe ojo. Wọ́n mọ ẹṣin, wọ́n mọ ọ̀kọ̀ àti idà. Omi náà ni wọn kò mọ̀. Ẹ̀kọ́ yìí ni yóò máa padà wá bá wa bí a ti ń lọ: ọgbọ́n tó gbé ènìyàn ga níbì kan kò ní kó má rì níbòmíràn.

Ohun tí apẹja odò mọ̀

Ní àwọn odò àárín ilẹ̀ Yorùbá, ẹja pípa kì í sábà jẹ́ iṣẹ́ tí ènìyàn fi gbogbo ọdún ṣe. Àgbẹ̀ ló ń pa ẹja. Ó ń lọ sóko láàárọ̀, ó ń yà lọ wo igèrè rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Síbẹ̀, ìmọ̀ tí iṣẹ́ náà ń béèrè kò kéré.

Igèrè jẹ́ agbọ̀n gígùn tí a hun, tó gbòòrò lẹ́nu, tó tóóró nídìí, tí ẹnu inú rẹ̀ sì jẹ́ kí ẹja lè wọlé láìlè jáde. Bí a ti ń dẹ ẹ́ wà lọ́wọ́ bí omi ṣe ń ṣàn. A ó fi igi àti imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ọgbà sínú odò, a ó fi àlàfo kékeré sílẹ̀, a ó sì kẹ́ igèrè sí àlàfo náà. Omi fúnra rẹ̀ ni yóò ti ẹja wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ dẹ igèrè gbọ́dọ̀ mọ ibi tí omi ti ń sáré àti ibi tó ti ń sinmi, kó mọ ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ yóò mú kí àrọ̀ jáde láti ibú lọ yé ẹyin sínú koríko tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bò.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, odò á fà, á ku kòtò omi níhìn-ín lọ́hùn-ún. Ìgbà yẹn ni gbígbọ́n dé. Tọmọdé tàgbà á sé kòtò náà, wọ́n á fi igbá gbọ́n omi rẹ̀ títí yóò fi ku ẹrẹ̀, wọ́n á wá fi ọwọ́ mú ẹja. Ìwọ̀ pẹ̀lú wà, tí wọ́n ń fi ekòló ṣe ìjẹ sí lẹ́nu. Ewé olóró tí wọ́n ń gún sínú omi láti fi dá ẹja lágara wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ohun tí ó ń ba omi jẹ́ fún ẹni tó wà nísàlẹ̀ odò.

Ìmọ̀ yìí ní ìkóra-ẹni-níjàánu tirẹ̀. Ibi kan wà nínú odò tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ju àwọ̀n sí. Àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ jù ni ti Òṣogbo, tí kò jìnnà sí Ìkirun. Orúkọ oyè ọba ibẹ̀, Àtáọ́ja, ni ìtàn sọ pé ó wá láti inú “a-tẹ́wọ́-gba-ẹja”, nígbà tí Láròóyè tẹ́wọ́ létí omi, tí ẹja ìránṣẹ́ Ọ̀ṣun sì wá bá a. Títí di òní, a kì í pa ẹja nínú igbó Ọ̀ṣun, èyí tí àjọ UNESCO fi kún àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005. Ẹni tó bá ń wo èèwọ̀ náà bí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn nìkan kò wò ó tán. Ibú tí a kò gbọ́dọ̀ pẹja nínú rẹ̀ ni ibú tí ẹja ti ń rí àyè bímọ.

Nígbà tí wọ́n sé Ọ̀tìn

Lẹ́yìn òmìnira ọdún 1960, àwọn ìlú ń gbòòrò, wọ́n sì nílò omi ẹ̀rọ. Ìjọba sé odò Ọ̀tìn ní Èkó-Èńdé, nítòsí Ìkirun, kí omi rẹ̀ lè máa lọ sí àwọn ìlú agbègbè náà. Omi ẹ̀rọ ni wọ́n wá, ṣùgbọ́n adágún ńlá kan bí ara rẹ̀ níbi tí odò ti ń ṣàn tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ oko, pápá àti igi wọ abẹ́ omi.

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá sé odò kò ṣòro láti ṣàlàyé. Omi tó ń ṣàn á dúró. Ẹja tó fẹ́ràn omi sísáré á dínkù, tàbí kó sá lọ sókè odò. Èyí tó fẹ́ràn omi tó tòrò, pàápàá ẹ̀pìyà, á bí sí i. Ní ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́, koríko àti ewé tó jẹrà lábẹ́ omi á di oúnjẹ, ẹja á sì pọ̀ lápọ̀jù. Lẹ́yìn èyí, oúnjẹ náà á tán, ẹja á sì padà sí ìwọ̀n tí adágún lè bọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo Káínjì, níbi tí wọ́n ti ṣe irú ìkọ́ni yìí fún wa lọ́nà tó tóbi. Ní ọdún 1968 ni wọ́n parí ìdídò odò Ọya níbẹ̀. Ó lé ní 40,000 ènìyàn tó ṣí kúrò nílé wọn, Bùsà àtijọ́ sì wọ abẹ́ omi. Ní nǹkan bí ọdún 1970, ẹja tí wọ́n ń rí pa nínú adágún náà lọ́dún tó 28,000 tọ́ọ̀nù. Kó tó di òpin ọdún mẹ́wàá yẹn, kò ju nǹkan bí 5,000 lọ. Ẹni tó yá owó ra àwọ̀n àti ọkọ̀ nígbà ọ̀pọ̀ yanturu, tó rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí, òun ni ìyà jẹ jù.

Adágún Èkó-Èńdé kéré púpọ̀ sí ti Káínjì, àmọ́ òfin kan náà ló ń darí omi méjèèjì. Fún ẹni tó ti ń dẹ igèrè nínú Ọ̀tìn, gbogbo nǹkan ló yí padà. Igèrè nílò omi tó ń ti ẹja, adágún kò sì ti ohunkóhun. Odò tí ènìyàn lè wọ́ kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti di ibú tó nílò ọkọ̀ ọpọ́n àti àjẹ̀. Kò sí kòtò tí a lè gbọ́n mọ́. Atẹ́gùn tí kò já mọ́ nǹkan lábẹ́ igbó etí odò ń gbé ìjì dìde lórí omi gbalasa. Àwọn igi tó kú sínú omi ń fa àwọ̀n ya. Etí omi pàápàá kò dúró sójú kan: ó ń wọ inú oko nígbà òjò, ó ń padà sẹ́yìn nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.

Àgbà tó mọ odò di ọmọ ilé-ìwé létí adágún. Ó ní láti kọ́ àwọ̀n títa, kó kọ́ bí a ti ń so òjé mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó lè rì àti ohun fífúyẹ́ mọ́ òkè rẹ̀ kó lè léfòó. Ó ní láti kọ́ ọ̀nà tí ẹja ń gbà nínú omi tí kò ní ọ̀nà tó hàn sójú.

Àwọn mìíràn tó ti kọ́ omi tuntun

Kì í ṣe etí Ọ̀tìn nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Àwọn Ẹ̀wẹ̀ Aǹlọ̀, tí wọ́n wà ní etí òkun Gánà lónìí, sọ nínú ìtàn wọn pé Kétu ni àwọn ti ṣí, pé àwọn gba Notsie ní ilẹ̀ Tógò kọjá, kí àwọn tó dé etí òkun. Èèyàn àárín ilẹ̀ ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n wà báyìí, ọ̀sà ni wọ́n kọ́kọ́ bá ṣọ̀rẹ́, nítorí ọ̀sà tòrò. Òkun tó wà lẹ́yìn wọn kò ní èbúté, ìgbì rẹ̀ sì ń fọ́ ọkọ̀. Ìran púpọ̀ kọjá kí wọ́n tó di ọ̀gá nínú rẹ̀. Ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọ̀n ńlá kan dé ọwọ́ wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní yevudor, ìyẹn àwọ̀n òyìnbó. Ọkọ̀ kan á gbé e la ìgbì kọjá, á fi í yí omi ká, ọ̀pọ̀ ènìyàn tó wà lórí iyanrìn á wá máa fi okùn fà á bọ̀. Àwọ̀n yìí ló sọ àwọn tó ti jẹ́ apẹja ọ̀sà di apẹja òkun tí wọ́n ń ṣí kiri etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, títí dé Badagry àti Èkó. Ọ̀sà ló kọ́ wọn ní sùúrù, ṣùgbọ́n òkun ní láti kọ́ wọn ní ìyókù. Òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan ń fi ẹja pípa ṣe eré ìdárayá. Ọ̀pọ̀ wọn ń bẹ̀rẹ̀ nínú odò kéékèèké, pẹ̀lú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ àti ìwọ̀ tí wọ́n fi ìyẹ́ àti òwú dì kó lè jọ kòkòrò. Ìwọ̀ náà fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò ṣeé jù fúnra rẹ̀: okùn ni ènìyàn ń jù, okùn ló sì ń gbé ìwọ̀ lọ. Ẹni tó ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ èyí, bó bá lọ sí etí òkun láti pa ẹja tí wọ́n ń pè ní striped bass, yóò rí i pé ọwọ́ òun ti mọ ohun tí kò bá ibẹ̀ mu. Níbẹ̀, ọ̀pá gígùn tó le ni wọ́n ń lò, òjé ló sì ń gbé ìjẹ kọjá ìgbì. Ohun tí odò ń sọ fún un nípasẹ̀ ìṣàn, òkun ń sọ ọ́ nípasẹ̀ kíkún àti fífà rẹ̀, nípasẹ̀ òkìtì iyanrìn tí ìgbì ń ṣẹ́ lé lórí àti kòtò tó wà láàárín wọn tí ẹja ń gbà kọjá. Òru sì ni ọjà sábà máa ń tà jù níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló bá a dé láti odò, òun náà sì ni ó níye lórí jù: ó mọ̀ pé kí a tó ju ìwọ̀, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo omi.

Ìtàn ẹja náà fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti Ọ̀tìn dọ́gba. Ẹja òkun ni, ìlà dúdú bíi méje tàbí mẹ́jọ ló fà láti ẹ̀yìn orí dé ìdí ìrù rẹ̀, ṣùgbọ́n inú odò ló ń gòkè lọ yé ẹyin. Nígbà tí wọ́n sé odò Santee ní ìpínlẹ̀ South Carolina ní ọdún 1941, àwọn kan há sẹ́yìn ìdídò náà. Wọn kò kú. Wọ́n kọ́ adágún, wọ́n sì ń bí síbẹ̀ títí di òní. Ìdí rẹ̀ ni pé odò gígùn tí ẹnikẹ́ni kò sé ṣì wà lókè adágún náà. Ẹyin ẹja yìí gbọ́dọ̀ máa bá omi ṣàn fún bí ọjọ́ méjì kó tó pa. Bí wọ́n bá ti sé àwọn odò òkè pẹ̀lú, ìtàn náà ì bá ti parí.

Òfin omi

Àwọn ará Amẹ́ríkà kò bọ́ lọ́wọ́ àṣejù pẹ̀lú. Láti ọdún 1639 ni ìjọba Massachusetts ti fi òfin de lílo ẹja yìí gẹ́gẹ́ bí ajílẹ̀ oko. Síbẹ̀, wọ́n pa á títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní àwọn ọdún 1970 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1980. Ilé aṣòfin wọn ṣe òfin ààbò fún un ní ọdún 1984. Ìpínlẹ̀ Maryland dá pípa rẹ̀ dúró pátápátá láti 1985 sí 1990. Ní ọdún 1995, wọ́n kéde pé ẹja náà ti padà bọ̀ sípò. Ọdún mẹ́wàá ìkóra-ẹni-níjàánu ló tún ohun tí ojúkòkòrò bàjẹ́ ṣe.

Àwa náà ní òfin. Òfin ẹja inú omi àárín ilẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 1992 lòdì sí fífi oró àti ohun abúgbàmù pa ẹja. Kí òfin yẹn tó dé, èèwọ̀ odò ti wà. Ohun tó bani lọ́kàn jẹ́ ni pé èèwọ̀ ń kú, òfin kò sì tíì rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí kò bẹ̀rù òrìṣà odò mọ́, kò sì tíì kọ́ bí a ti ń bẹ̀rù òṣìṣẹ́ ẹja pípa.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa báyìí

Lónìí, bí ìyàwó ilé kan bá lọ sọ́jà Ìkirun láti ra ẹja, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ títù, kòtẹ́ tàbí ṣáwá inú yìnyín ni yóò rà, ẹja òkun tí ọkọ̀ ojú omi gbé wá láti ilẹ̀ òkèèrè. Tàbí kó ra àrọ̀ tí wọ́n sìn nínú adágún alámọ̀ tàbí inú ọ̀dọ̀ oníkọnkéré. Ẹja sísìn dára. Ó ń fún ọ̀dọ́ ní iṣẹ́, ó sì ń dín ìwọ̀ tó wà lọ́rùn odò kù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sin ẹja kò nílò láti mọ Ọ̀tìn. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sì nílò láti mọ odò mọ́, ta ni yóò sọ fún wa lọ́jọ́ tí odò bá ń ṣàìsàn?

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ọ̀ṣun. Ìwakùsà góòlù láìgbàṣẹ sọ omi rẹ̀ di ẹlẹ́rẹ̀, débi pé ní ọdún 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní láti kìlọ̀ fún àwọn olùjọ́sìn pé kí wọ́n má mu ún. Àwọn tó ń sún mọ́ omi lójoojúmọ́ ló máa ń kọ́kọ́ rí irú àyípadà bẹ́ẹ̀. Apẹja jẹ́ olùṣọ́ tí ìjọba kò san owó oṣù fún.

Òkukù ní oríire kan tí ọ̀pọ̀ ìlú kò ní. Karin Barber gbé ibẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, ó sì tẹ ìwé ńlá jáde ní ọdún 1991 lórí oríkì ìlú náà. Nípasẹ̀ iṣẹ́ yẹn, ohùn àwọn obìnrin tó ń ki ìdílé wọn kò parun. Ohun tí a ṣe fún oríkì ló yẹ kí a ṣe fún omi. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ìkirun, Inísà àti Òkukù lè rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn lọ bá àwọn àgbà tó dẹ igèrè rí, kí wọ́n kọ orúkọ ẹja kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, orúkọ ibú kọ̀ọ̀kan, àti ìgbà tí ẹja kọ̀ọ̀kan ń yé ẹyin. Kí wọ́n lọ bá àwọn tó ń ta àwọ̀n ní Èkó-Èńdé pẹ̀lú, kí wọ́n béèrè ohun tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn tí omi dúró. Ìdajì ìtàn ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní lọ́wọ́.

Ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn àti Ifẹ́lódùn pẹ̀lú ní iṣẹ́ láti ṣe. Kí wọ́n bá àwọn apẹja àti àwọn ọba fẹnu kò lórí apá adágún tí ẹnikẹ́ni kò ní pẹja nínú rẹ̀, àti oṣù tí àwọ̀n yóò sinmi. Kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sé àwọn odò kéékèèké tó ń wọ inú adágún náà, tàbí kó da ìdọ̀tí sínú wọn, nítorí ibẹ̀ ni ẹja ti ń bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀.

Omi kò ní dẹ́kun àti máa yí padà. Ọ̀tìn ti jẹ́ odi ogun rí, ó ti jẹ́ ibi gbígbọ́n, ó ti di adágún, a kò sì lè sọ ohun tí yóò dà lọ́la. Ẹni tó bá mọ bí àwọn tó ṣáájú ṣe kọ́ omi àná ni yóò lè kọ́ omi ọ̀la kíákíá. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, bí odò bá kún, yóò kún bò ó lójú, gẹ́gẹ́ bó ti kún bo àwọn tó ń sá bọ̀ láti Ìkirun lójú ní ọdún 1878.